Ẹsẹ̀ Adìyẹ ní Mọ́ṣáláṣí

Ayùn ni Hàwáù, Ìyá Nusaiba, kọ́kọ́ rí, lọ́wọ́ Alhaji Sirajudeen, alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun. Ó bi í pé kí ló fẹ́ fi ayùn ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Alhaji ní ẹsẹ̀ àga lòun fẹ́ gé.

Àga wo? Àga Zakariyya mà ni o, ọkọ Hàwáù tó kú lẹ́yìn iléyá! Orúnkún ò jẹ́ kí Alfa Hameed lè jókòó sílẹ̀ kọ́ni mọ́, ni Zakariyya bá ní òun á ṣe àga fún wọn. Kì í ṣe àga oníke o, Chippendale ni. Káfíńtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ káfíńtà tó ti ìlú kékeré wá sí London, tó ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, títí àga fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Zakariyya fẹ́ràn ọkùnrin yẹn bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ọ̀gánwó ló fi ṣe é. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọ̀já tó lọ́ mọ́ra, ó sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ èékánná ẹyẹ tó di bọ́ọ̀lù mú, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tiwọn. Kò kúkú rí ẹyẹ idì wò, ló bá ra ẹsẹ̀ adìyẹ wálé, ó gbé e kalẹ̀, ó ń wò ó gbẹ́. Gáréèjì ilé wọn, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, rùn, Hàwáù bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kan ló parí kí ikú tó dé. Hàwáù ló gbẹ́ èkejì. Ó gé ara rẹ̀ níka, ó sunkún, ó sì gbẹ́ ẹ tán.

Òun ni ẹnì kan wá fẹ́ fi ayùn gé.

"Ẹsẹ̀ ajá ni," Alhaji sọ. Ẹnjiníà ni ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé, kì í gbà pé òun ṣì nǹkan wò. "Mo ti fi fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, gbogbo committee gbà bẹ́ẹ̀. Ajá ò lè wọ mọ́ṣáláṣí, Ìyá Nusaiba. A máa fi straight leg sí i."

"Adìyẹ ni. Irú èyí tí ẹ jẹ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú ti Alhaji, inú sì bí i. "Adìyẹ náà, ẹlẹ́mìí ni. A kì í gbẹ́ ère ẹlẹ́mìí sí mọ́ṣáláṣí."

"Kò lórí, kò lọ́rùn. Ẹ̀mí wo ló wà lẹ́sẹ̀ igi?"

Hàwáù yíjú sí Alfa Hameed, tí wọ́n ti jẹun nílé rẹ̀ láìmọye ìgbà. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò.

"Ẹ ṣe sùúrù, ìyá," ni wọ́n wí. "Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Ẹ jẹ́ ká kàn fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ayùn lọ.

"Orúkọ náà ni mo fẹ́, Alfa. Aṣọ ti bo Zakariyya lẹ́ẹ̀kan. Kò ní bo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

Ó gbé àga náà. Ó wúwo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti kọ́tìnì, ó wọ ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, níbi tí àwọn màmá tí orúnkún ń dùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí committee kankan ò ṣèpàdé lórí orúnkún wọn rí. Alhaji tẹ̀ lé e dé ìdí kọ́tìnì, ó dúró. Ọkùnrin kì í kọjá ibẹ̀.

"Ẹ gbé e jáde, Ìyá Nusaiba."

Hàwáù kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó dàgbà jù níbẹ̀, ó di apá wọn mú, ó gbé wọn dìde díẹ̀díẹ̀, ó fi wọ́n jókòó sórí àga. Màmá náà mí kanlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga.

"Ó yá, Alhaji," Hàwáù sọ. "Ẹ wá gé e. Màmá yín ló wà lórí ẹ̀."



"Sirajudeen," ni màmá rẹ̀ pè é. "Lọ fi ayùn yẹn sí mọ́tò, kóo wá kírun."