Iná Ìgbéyàwó Kapilani

Òjò kò dá láti àná, ìyálé mi Kapilani, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, náà kò sì jókòó. Ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń padà sídìí iná, títí òòyì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ èmi tí mo ń wò ó. Mo ní kó fìdí kalẹ̀. Ó ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rọbí lódìkejì odò kì í fìdí kalẹ̀.

Nandika ni ọmọ náà, òun nìkan ló bí. Oyún àkọ́kọ́ tó ní bàjẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ láti ilé ọkọ rẹ̀ pé ó ti ń rọbí, pé ìyá rẹ̀ ló ń pè.

Iná ló so ìyálé mi mọ́lé. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni òun àti ọkọ rẹ̀ Somila ti dá a, kò kú rí, òun náà sì ni wọn yóò fi sun òkú wọn. Òfin wa ni pé bí ọkọ bá rìnrìn àjò, ìyàwó á dúró ti iná. Bí àwọn méjèèjì bá kọjá ààlà abúlé láìmú un dání, iná náà di iná lásán, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń kó igi sí i. Somila sì wà lẹ́yìn òkè, ó lọ bá ìjòyè kan rúbọ. Àwọn ẹlẹ́sìn tó fi ilé sílẹ̀, tí wọ́n fá orí kodoro, tí wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń retí òpin òjò nínú ọgbà máńgòrò, wọn kò ní iná kankan tí wọ́n ń tọ́jú. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, mo jowú wọn.

Uttiya atukọ̀ wá ránṣẹ́ pé odò ti ń kún, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tóun máa kọjá. Ìyálé mi wo iná, ó wò mí.

“Bá mi wá ìkòkò,” ó ní.

“Ìyálé mi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe?”

“Bí ẹni tó ni iná bá gbé e dání, kò tíì sọnù. Baba Nandika ló kọ́ mi.”

Ó kó ẹyín iná sínú ìkòkò, ó fi eérú bò ó. Mo tẹ̀lé e, nítorí ọkọ tèmi wà nílé tó ń ṣọ́ iná tiwa. Nígbà tí Uttiya rí wa, ó ní omi nìkan lòun ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, a tún wá gbé iná wọnú ọkọ̀ fún òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyálé mi tẹ̀ bo ìkòkò náà, òjò ń na ẹ̀yìn rẹ̀, èmi ń fi igbá gbọ́n omi tó ń wọlé.

Nandika ti bímọ kí a tó dé. Obìnrin ni. Ṣùgbọ́n òrùlé ń jò, omi ti wọ ààrò, kò sì sí igi gbígbẹ nínú gbogbo ilé tó wà nítòsí. Ètè ọmọ náà ti dúdú, kò sunkún, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Iná ìgbéyàwó kì í wọ yàrá ìkúnlẹ̀. Bó bá wọ ibẹ̀, ó parí. Ìyá ọkọ Nandika dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ ìyálé mi.

“Ẹ má gbé e wọlé o. Ẹ rántí Baba Nandika.”

Ìyálé mi kọjá lára rẹ̀, ó da ẹyín iná sínú àpáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó sì ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà ké. Igbe rẹ̀ kò dún tó ti ọmọ ológbò, àmọ́ èmi náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí odò fà, a padà sílé, Somila náà dé. Ó rí eérú tútù. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ ṣe ni ó máa ń wálẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun lọ wẹ̀, kó gbààwẹ̀, kí àwọn jọ jókòó dá iná tuntun. Kò sí ọkùnrin tó lè dá iná yẹn láìsí ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Mo gbọ́,” Kapilani ní. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ gbé ọmọ ọmọ yín.”

“Èérí ìbímọ kò tíì kúrò lára wọn.”

“Ó wà lára èmi náà.”

“Bí a bá dáná tán, màá lọ.”

“Baba Nandika, bí ẹ ò bá kọ́kọ́ gbé e, ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa dá iná náà.”

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí obìnrin tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí nínú agbo ilé wa. Somila gbé igi ìdáná, èyí tí a fi ń fa iná yọ, lé itan, ó ń yí i lọ́wọ́, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Òòrùn ti ń yẹ̀ kó tó ju igi náà sílẹ̀, tó kọrí sétí odò. Mo bá a lọ. Àtojúbọ̀ ni àìsàn tèmi.

Nígbà tí a dé ilé ọkọ Nandika, ó kọ̀, kò wọlé. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde fún un, ó na apá méjèèjì gan-an bí ẹni tó fẹ́ gba ìkòkò gbígbóná. Bó ṣe gbé e mọ́ àyà, ọmọ náà tọ̀ sí i lára, sórí aṣọ funfun tó fi ń rúbọ. Kò gbé e kúrò láyà.

“Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́,” ó ní. Ó tún un sọ, ó sì ń sunkún.