Wákàtí Mẹ́wàá Láti Kánádà

Seyni kì í ṣe ẹni tó ń ṣi wákàtí kà. Ogún ọdún ló ti fi ń wa bọ́ọ̀sì láti Niamey lọ sí Agadez, bó bá sì ní òun á wọlé lásìkò ìrun Mọ̀gàríbì, kí wọ́n yáa gbé omi àlùwàlá sílẹ̀ dè é ni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tí baba rẹ̀ kú.

Láago mẹ́fà àárọ̀ ni Kadi, àbúrò rẹ̀, pè é láti Kánádà pé òun ti ń wọ bàálù bọ̀ wá wo Baba tó ń ṣàìsàn. Ó pa fóònù. Kò pé ogún ìṣẹ́jú sí i, Baba dákẹ́. Seyni tẹ fóònù tirẹ̀ wò: láti pápá ọkọ̀ òfuurufú tọ̀hún dé ti Niamey, ẹgbàarin kìlómítà, wákàtí mẹ́wàá.

"Ẹ dákun, aago mẹ́rin ló máa balẹ̀," ó bẹ Alfa Djibo, àbúrò baba rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó fojú kan Baba. Obìnrin kì í bá wa dé itẹ́ òkú. Bí a bá ti gbé e kúrò nílé, ó parí fún un nìyẹn."

"A kì í fi òkú pamọ́, Seyni. Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ mí."

Wọ́n gbà láti dúró di ìrun Alaasari. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Kadi. Láago mẹ́ta, Seyni ti dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Òṣìṣẹ́ tó bi léèrè wò ó tàánú-tàánú.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí bàálù tó ń ti Kánádà wá síbí tààrà."

"Fóònù ní wákàtí mẹ́wàá!"

"Ọ̀nà ló wọ̀n fún yín. Kò bá yín wá bàálù."

Ibẹ̀ ló wà tí Kadi fi pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé Kasabuláńkà! Bàálù kejì di alẹ́, ìdájí ọ̀la ni mo máa wọlé. Mo ti ra dàbínù fún Baba o!"

"Kadi… Baba ti lọ láàárọ̀."

Ó ké títí kó tó béèrè. "Ṣé wọ́n ti sin wọ́n?"

"Rárá."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dúró dè mí!"

Nílé, Alfa Djibo gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ awakọ̀! Ìgbà wo lo dé Agadez láìdúró lọ́nà rí?"

"Ẹ jẹ́ n ya ojú wọn sí fóònù fún un, ó kéré tán."

"Fóònù yẹn náà tún ni? Ẹ gbé òkú."

Seyni fúnra rẹ̀ ló bo ojú baba rẹ̀, ìtìjú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Fóònù ń dún lápò rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé òkú jáde, ó tún ń dún bí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Nígbà tó wá gbé e, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Kadi wí, "ṣé wọ́n ti gbà láti dúró?"