Ta Ló Rán Ẹ Wá?

"Ẹ kú oríire o! Bàbá àgbà tuntun, ẹ kú oríire!"

Alága kò lè gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ẹsẹ̀ àga kan mú. Gọ́ọ̀mù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ihò ẹsẹ̀ náà ni, bí ó bá sì jù ú sílẹ̀ nísinsìnyí, àga yẹn yóò máa mì títí ayé.

"Oríire kí ni?" ó bi aránṣọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Ọmọ yín ti bímọ! Obìnrin ni! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fọ́tò ẹ̀ báyìí ni. Imú yín gan-an ni wọ́n gbé fún un."

"Ọmọ mi?"

"Ọmọ mélòó lẹ ní tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọwọ́ Alága kò kúrò lára àga.

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó darí ìpàdé kankan rí. Àga ló ń kàn, àga ló ń tún ṣe, ẹni tó bá sì ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé láàárín àga, kò sẹ́ni tó lè ní orúkọ náà kò tọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá ló wà ní ìlà yẹn. Ilé-iṣẹ́ fóònù kan ti wá kun mẹ́wàá nínú wọn ní pupa lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kọ orúkọ ara wọn gàdàgbà sí iwájú gbogbo wọn, débi pé ẹni tó ń wá aránṣọ a máa já sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹni tó fẹ́ gẹrun a sì bá ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ń ta ìkòkò. Alága nìkan ló ní kí wọ́n máa gbé ọ̀dà wọn lọ. Ní báyìí, tí wọ́n bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, kí ẹ wá ka ẹnu ọ̀nà mẹ́ta sápá ọ̀tún." Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa Alága lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́.

Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sì sí fọ́tò àga rẹ̀ lórí ẹ̀rọ kankan. Fóònù kékeré kan ló ní, èyí tí kò mọ̀ ju kéèyàn pè, kí wọ́n sì pè é. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà tuntun ni pé, "Ta ló rán ẹ wá?" Bí ó bá ti gbọ́ ìdáhùn, á fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí, á da àga dojú dé, á sì kọ ọ́ sábẹ́ ìjókòó. Nọ́ọ̀sì ló rán an wá. Tíṣà ìṣirò ló rán an wá. Ìyàwó dírẹ́bà ló rán an wá. Àwọn tó ń jókòó sórí àga wọ̀nyí kì í mọ̀ pé orúkọ ẹnìkan wà lábẹ́ ìdí àwọn.

"Ẹ wò ó," Aránṣọ ní, ó na fóònù sí i.

Alága yíjú sí ògiri. "Aránṣọ, jọ̀ọ́, gbé e kúrò. Ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí i."

"Ojú ta lẹ fẹ́ fi wo fọ́tò tẹ́lẹ̀?"

"Gbé e kúrò. Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ọkọ ẹ̀ ni. Ó tiẹ̀ kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀." Ó mú fóònù sún mọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Ọlọ́run ṣeun, a ti bí láàárọ̀ yìí. Tìyátọmọ wà ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má...'"

"Má kí ni?"

Aránṣọ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo gbé! Fọ́tò ni mo wò o, n ò kà á. Bí mo ṣe rí ọmọ ni mo sáré jáde."

"Kà á fún mi."

"'Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bàbá wa.'"

Ẹsẹ̀ àga náà ti gan, ó ti lè dá dúró, síbẹ̀ Alága ṣì dì í mú. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó má bínú, ó ní fóònù yìí ni yóò pa òun lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ló rọra padà sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ibi tí Aránṣọ dúró sí yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ dúró sí, oyún ti ń yọ lára rẹ̀, ó gbé fóònù tuntun wá fún un nínú páálí. Alága ní òun kò fẹ́. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló wà nínú gúrúùpù tí a dá sílẹ̀ lórí fóònù àfi ẹ̀yin. Tí mo bá bímọ, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti máa gbọ́. Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ nìyẹn." Ó sunkún lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ṣì ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, àmọ́ kíkí lásán ni. Ṣé ara le, bẹ́ẹ̀ ni, ṣé iṣẹ́ ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni, ó dàbọ̀. Alága ti ń fọkàn sí i pé tí ọmọ bá dé, ọmọ náà ni yóò bá àwọn parí rẹ̀. Ṣé ohun tí ọmọ òun sọ lọ́jọ́ yẹn ló wá ń ṣe yìí?

Ó nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́, ó fa fóònù kékeré jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi ti bímọ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kì í dákẹ́. Bó bá ń sùn gan-an, ó ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó dákẹ́ báyìí. "Ta ló sọ fún ẹ? Wọ́n ní ká má... Àbúrò mi, má bi mí ní nǹkan kan. Máa lọ sí ọsibítù." Ó pa fóònù.

Ó dun Alága wọra. Ó dúró níwájú ohun kan tí ó fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí aṣọ náà. Ibùsùn ọmọ ni, tí wọ́n lè mì jẹ́jẹ́ kí ọmọ lè sùn. Oṣù méjì ló fi kàn án, tí ó ń fi sáńpépà ha igi rẹ̀ títí tí kò fi sí ibi kankan tó lè gún awọ ìkókó. Ó ti parí tán, àfi abẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ náà. Ó da aṣọ padà bò ó, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọ̀nà ọsibítù lọ.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Lára òpó kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ni wọ́n lẹ àwòrán mọ́: ọṣẹ, fóònù, bàtà, àwọn èèyàn tí gbogbo eyín wọn pé tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ojú Alága ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fo irú nǹkan wọ̀nyí. Àmọ́ bàtà yẹn kò jẹ́ kó fò ó.

Òun náà ti ní fóònù ńlá rí. Nígbà ayé ìyàwó rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ tó fi ń sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró, bí ẹni tó béèrè nǹkan. Alága ní, "Ẹn-ẹn." Ìpolówó bàtà kan ló ń wò, bàtà tí kò rà, tí kò tiẹ̀ nílò. Nígbà tí yóò fi gbé ojú sókè, ìyàwó rẹ̀ ti wọlé lọ. Kò sí ìjà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni àìsàn òjijì gbé e lọ. Ọdún mẹ́ta rèé, Alága kò tíì mọ ohun tí ó sọ. Àwọn èèyàn rò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó lo ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ní ahun ni. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọmọ rẹ̀.

Nínú yàrá tí àwọn àlejò ti ń dúró ní ọsibítù, tẹlifíṣọ̀n ń polówó wàrà ọmọdé fún àwọn àga tó ṣófo. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn àga náà ń mì. Alága rí i, ó fi ọwọ́ kàn án, ó kọjá. Nọ́ọ̀sì kan bi í pé ta ló wá wò. Bó ṣe gbọ́ ìdáhùn, ojú rẹ̀ tàn. "Háà, ọmọ yẹn! A ti rí fọ́tò ẹ̀ o. Yàrá kẹrin, bàbá."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ti yí padà kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ta... ta ló sọ fún yín?"

"Ṣé n ò gbọdọ̀ gbọ́ ni?"

"Bàbá?" Ohùn ọmọ rẹ̀ ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti rẹ̀ ẹ́, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìdì aṣọ funfun kan wà láyà rẹ̀, ìkókó inú rẹ̀ sì kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Aránṣọ ni. Ó rí i lórí ẹ̀rọ."

Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ yíjú sí. "Ṣé o rí i? Mo ní kó o má gbé e síbẹ̀!"

"Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ."

"Ta ló máa ń ka abẹ́ fọ́tò?"

Omi ti dé ojú rẹ̀. Alága dúró sí àárín yàrá, kò mọ ibi tó lè fi ọwọ́ sí. "Kí ló dé tí wọn ò gbọdọ̀ sọ fún mi?" ó béèrè. "Ṣé nítorí fóònù yẹn ni?"

"Nítorí èmi ni mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́!" Ọmọ rẹ̀ ti ń sunkún báyìí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́ yẹn, n ò sùn dáadáa látìgbà náà. Mo ní tí wọ́n bá ti jẹ́ kí n jáde níbí, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ. Màá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa gbójú sókè, ẹ sì máa bi í ní ìbéèrè yín. Gbogbo èèyàn ló máa gbọ́ lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi. Ó ti wá bà jẹ́. Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀."

"N ò rí i."

"Ẹ ní Aránṣọ..."

"Ó nà án sí mi. Mo yíjú sí ògiri."

Ọmọ rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín àti ẹkún pàdé lójú rẹ̀, kò mọ èyí tí yóò jẹ́ kó jáde. "Ẹ yíjú sí ògiri?"

Alága jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ sì là fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn fún un, àti bàtà, àti ẹn-ẹn. Kò ju gbólóhùn mẹ́fà lọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ọmọ rẹ̀ ní.

"Ojú ló ń tì mí."

Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì kékeré, ìkíni ń wọlé lórí ìkíni. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́, ó dojú rẹ̀ dé. Ó mọ̀, Alága náà sì mọ̀, pé yóò ṣí i padà tó bá yá, yóò sì dá gbogbo wọn lóhùn, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sì burú. Ó gbé ìdì aṣọ funfun náà sókè.

"Ẹ gbà á. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì rí i."

Alága nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò kó tó gbà á. Ọmọ náà wúwo díẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó gbóná. Imú rẹ̀, bí Aránṣọ ṣe wí, kò ní àríyànjiyàn. Alága rọra yí i sápá kan, bó ṣe máa ń yí iṣẹ́ tuntun wò, ó sì rí àmì dúdú kékeré kan lẹ́yìn etí òsì, ó tó ojú pẹ́ńsùlù.

"Àmì kan wà níbí," ó ní.

"Níbo?" Ọmọ rẹ̀ nà sókè, ọkọ rẹ̀ náà sáré wá. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. "Èmi gan-an ò tíì rí i," ọmọ rẹ̀ ní. "Kò hàn nínú fọ́tò."

Alága rántí ibùsùn tó wà lábẹ́ aṣọ ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, àti abẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ó mú ojú sún mọ́ ojú ọmọ náà.

"Káàbọ̀, oníbàárà mi," ó ní. "Ta ló rán ẹ wá?"

Ọmọ náà yanu. Ohùn kékeré kan jáde, ó dúró, ó tún jáde, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò tíì mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Alága kò ní ẹn-ẹn. Ó tẹrí ba títí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ọmọ náà, ó sì ń gbọ́.