Bí Àwọn Aránṣọ Ilé Ìwòsàn Ṣe Pín Gírámà

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé àga yín súnmọ́ra. Ẹni tí kò bá rí àga, kó ká aṣọ sílẹ̀ kó fi jókòó. Ẹni tó ń jẹ nǹkan lọ́wọ́, kó rọra máa jẹ ẹ́, kó má fi ariwo ẹnu dí wa létí. Ìtàn àwọn obìnrin mẹ́rin kan nìyí, tí wọ́n pín èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn bí ẹni ń pín ẹran, tí kálukú sì gbé tiẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn kan ló ní yàrá ìránṣọ lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti kán sí. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin, àti áyọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ pé tí inú bá ń bí i, ńṣe ló máa ń tú omi sí èèyàn lára. Aṣọ àwọn aláìsàn, kóòtù dókítà, aṣọ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Àmọ́ o, kò sẹ́ni tó ń rán odidi aṣọ níbẹ̀. Ẹni tó ń rán apá, apá ló ń rán láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń rán kọ́là, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń lẹ àpò, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń gbá bọ́tìnì mọ́ ọn. Aṣọ á máa ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, nígbà tó bá fi máa dé òpin tábìlì, ó ti di kóòtù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ wọn. Ìyá Kọ́là kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ́là ọrùn aṣọ ló ń rán. Ìyá Alápò ni àgbà wọn, òun ló ni àpò. Àǹtí Bọ́tìnì ni àbúrò gbogbo wọn. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, Ìyá Alápá ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é ní Alápámáṣiṣẹ́, yẹ̀yẹ́ ló sì fi ń ṣe, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ń wá ọ̀lẹ, wọn ò ní í yà sílé àwọn.

Lọ́jọ́ kan, Mátírọ̀n, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá."

"O o, Mátírọ̀n."

"Láti ìsinsìnyí lọ, Gẹ̀ẹ́sì la ó máa fi kọ iṣẹ́ tí a bá fẹ́ kí ẹ ṣe sínú ìwé fún yín. A máa ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá yege á dúró sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá yege, a ò ní í lé e, ilé ìfọṣọ ló máa lọ."

Bó ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nìyẹn, ó bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Alápá dúró lórí ẹ̀rọ. Ilé ìfọṣọ yẹn, omi gbígbóná ló ń hó níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ooru rẹ̀ a sì máa yọ jáde lójú fèrèsé bí ẹni pé ilé ń jóná. Ìyá Alápá kò bẹ̀rù iṣẹ́, àyà rẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Bí ooru bá ti kàn án pẹ́nrẹ́n, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó ti bá wọn ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀ rí, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Nítorí náà, bí àwọn yòókù bá ń wá ìwé-ẹ̀rí, èémí lòun ń wá ní tirẹ̀.

Wọ́n wá bá wọn wá olùkọ́ kan, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà. Tí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, á dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ nínú páálí, á kọ̀wé sára pákó tí wọ́n ń gé aṣọ lé lórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní:

"Ẹ má bẹ̀rù gírámà. Bí aṣọ ṣe ní ẹ̀yà, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ní ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀-orúkọ ń sọ ẹni tó wà níbẹ̀ tàbí ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń sọ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn, ìyẹn ń tọ́ka ibi tó wà: inú, orí, abẹ́."

Bàbá sọ tirẹ̀ tán, ó lọ sílé. Kò mọ̀ pé òun ti dáná sun oko.

"Ṣé ẹ gbọ́ bàbá yìí?" ni Ìyá Kọ́là wí. "Ó ní bí aṣọ ṣe ní ẹ̀yà ni. Ta ló ti rán odidi kóòtù rí nínú wa?"

"Kò sí."

"Ṣé kóòtù ò wá ń jáde ni?"

"Ó ń jáde."

"Kí la wá ń fọ́ra wa lórí sí? Ẹ jẹ́ ká pín in. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èmi mú ọ̀rọ̀-orúkọ."

"Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ nawọ́," ni Ìyá Alápò wí.

"Ẹ má bínú, ìyá. Kọ́là ló ṣáà wà lókè aṣọ. Ẹ̀yin ẹ mú èyí tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi gbogbo nǹkan sínú àpò. Àǹtí Bọ́tìnì, ìwọ lo fẹ́ràn fáàrí, máa ṣe àpèjúwe. Ìyá Alápá, ìwọ tí ìdí rẹ kì í balẹ̀, gba ọ̀rọ̀-ìṣe."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ìyá Alápá nínú. Ìdámẹ́rin Gẹ̀ẹ́sì kò lè pa èèyàn. Ó sì ní ohùn, ó gbé orin lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ń gbè é lẹ́yìn:

*Ta ló wà níbẹ̀? Ìyá Kọ́là ló mọ̀ ọ́n.*
*Kí ló ń ṣe o? Alápá ló mọ̀ ọ́n.*
*Báwo ló ṣe rí? Bọ́tìnì ló mọ̀ ọ́n.*
*Níbo ló fara pamọ́ sí? Ẹ wo inú àpò.*

Ẹ wò ó, nǹkan ọ̀hún gún régé. Bí Tíṣà bá béèrè ọ̀rọ̀, Ìyá Kọ́là á ju orúkọ sílẹ̀, Àǹtí Bọ́tìnì á wọ̀ ọ́ láṣọ, Ìyá Alápá á mú un rìn, Ìyá Alápò á sì fi í síbi tó yẹ. Wéré báyìí, gbólóhùn ti jáde, ó mọ́ tónítóní. Tíṣà lọ bá Mátírọ̀n, ó ní òun ò tíì kọ́ irú wọn rí láyé òun. Kálukú wọn ń ṣe fọ́nńté kiri ọgbà ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ìdánwò kù dẹ̀dẹ̀, Tíṣà nu pákó rẹ̀ mọ́, ó jókòó.

"Lónìí, ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ gbọ́. Ìyá Alápá, ẹ sọ gbólóhùn kan fún mi."

Ìyá Alápá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Run," ó ní.

"Ẹ máa bá a lọ."

"Run, cut, wash, carry, sleep."

"Ó dáa. Ta ló ń sáré, tó ń gé nǹkan, tó ń fọ nǹkan, tó ń gbẹ́rù, tó tún wá ń sùn?"

Ìyá Alápá wo Ìyá Kọ́là. Ìyá Kọ́là ti la ẹnu, Tíṣà nawọ́ sí i pé kó dákẹ́.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà," ni Ìyá Alápá wí. "Ẹni tó ń bójú tó àwọn èèyàn ló jókòó sọ́hùn-ún."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Kọ́là, ó yá."

"Doctor. Table. Goat. Water."

"Kí ni dókítà ń ṣe?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ bi Ìyá Alápá."

Ó kan Àǹtí Bọ́tìnì. Ó ní "Beautiful," ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Tíṣà ní kí ló rẹwà. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀ náà ni, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu omi ojú náà tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, inú ọ́fíìsì Mátírọ̀n lẹ ó ti ṣe ìdánwò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó sì máa wọlé. Wọn ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ gbé tábìlì yìí dání. Ẹnì kan kì í jẹun kí ẹlòmíì yó."

Ó kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó lọ. Ó dà bíi pé Ìyá Alápá ti ń gbọ́ híhó omi ilé ìfọṣọ.

"Ìyá Kọ́là," ó ní, "fún mi ní díẹ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn."

"Kí n fún ọ bíi ti báwo? Èmi ni mo forí ṣe wọ́n. Bí gbogbo yín bá mọ̀ ọ́n, kí ló kù tó jẹ́ tèmi? Nínú yàrá yìí, èmi lẹ máa ń yíjú wò kẹ́ ẹ tó lanu."

"Ọ̀rọ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́. Bí mo bá yá a lọ́wọ́ rẹ, o ò ní í wá a tì."

Ìyá Kọ́là fa téèpù rẹ̀ jáde. Ó ń ká téèpù, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ìyá Alápá wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọ. "Ó dáa. Èmi ni n ó kọ́kọ́ fún ọ. Dókítà rẹ yẹn ti ń dúró gbagidi láti ìgbà yìí wá, kò gbápá, kò gbẹ́sẹ̀. Gba 'wash' fún un. Jẹ́ kó fọwọ́."

Ìyá Kọ́là kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ló já mọ́ ọn lẹ́nu. "Doctor wash," ó ní.

"Ṣé o rí i? Ó ti ń ṣiṣẹ́ owó oṣù rẹ̀."

"Gba ewúrẹ́, ìwọ náà," ni Ìyá Kọ́là wí. "Gba 'goat.' Kó máa bá ọ sáré, ó ti sú mi í so mọ́lẹ̀."

Ibẹ̀ ni Ìyá Alápá ti dá ọgbọ́n tó kàn. Ó ní kálukú kó kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́là ló ni orúkọ, ẹ̀rọ apá ló ni ìṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́tìnì àti àpò. Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni kó ṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni kó sì máa sọ. Àjákù aṣọ ni wọ́n ń lò lẹ́yìn iṣẹ́, kí Mátírọ̀n má baà bínú. Bí èèyàn bá yí gbogbo tábìlì ká, á ti rán odidi kóòtù, á sì ti sọ odidi gbólóhùn.

Kóòtù tí Ìyá Alápá kọ́kọ́ rán, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Kọ́là rẹ̀ ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, àpò rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

"Ta ló fẹ́ wọ eléyìí?" ni Àǹtí Bọ́tìnì bi í.

"Ẹni tó máa ń kó owó rẹ̀ síbi tí olè ò ti ní í rí i."

Gbólóhùn tó bá a jáde kò sàn ju kóòtù náà lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nígbà tí Tíṣà padà dé, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ àga, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò wọ́n. Ó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní àpólà. Ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó dì mọ́ra, tí kò sì tíì tó gbólóhùn, àpólà nìyẹn: dókítà gíga náà, nínú yàrá ńlá náà. Ìyá Alápá ní òun mọ̀ ọ́n: apá aṣọ tí wọ́n ti rán etí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni, àmọ́ tí wọn ò tíì so mọ́ èjìká. Èèyàn ò lè wọ apá nìkan jáde nílé. Tíṣà ní òun ò ní í rí ọ̀nà míì sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìyá Alápò kọ́kọ́ wọlé, ó sì jáde. Ó kan Ìyá Alápá.

Mátírọ̀n ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí fèrèsé. "Ẹ sọ ohun tí ẹ rí níta fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ni o."

Ọrùn Ìyá Alápá yí lọ sápá òsì láti wá Ìyá Kọ́là. Kọ́bọ́ọ̀dù ló rí. Ó yí sápá ọ̀tún, ògiri. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, bẹ́ẹ̀ ooru kankan ò sí níbẹ̀. Ó rántí pé bí òun bá dákẹ́ níbí, ibi tí ooru wà lòun ń lọ. Ó wojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì kan wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi tó wà lábẹ́ igi kan. Ó bi ara rẹ̀ léèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń yí tábìlì ká: ta ló wà níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì. Báwo ló ṣe rí? Ó ga. Kí ló ń ṣe? Ó ń fọ ife. Níbo? Lábẹ́ igi. Ó wá dì wọ́n mọ́ra, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé nọ́ọ̀sì gíga kan ń fọ àwọn ife funfun lábẹ́ igi ńlá. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó sọ ọ́ débi tó parí sí.

"Kí ló tún kù?" ni Mátírọ̀n bi í.

Ó tún sọ òmíràn. Ó ṣi ọ̀kan sọ, ó dá a padà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Mátírọ̀n gbé ìwé iṣẹ́ sí i níwájú, ó kà á, ó sọ iye kóòtù tí wọ́n fẹ́ àti bí apá wọn yóò ṣe gùn tó. Mátírọ̀n fàlà sí nǹkan kan nínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ padà sídìí ẹ̀rọ yín, Ìyá Alápá."

"Ṣé títí di ìgbà wo, mà?"

"Títí tẹ́ ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."

Ìyá Kọ́là àti Àǹtí Bọ́tìnì yege pẹ̀lú. Ìyá Alápò kò yege. Àwọn yòókù fẹ́ máa káàánú rẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí orúnkún òun ti ń bínú sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ooru ilé ìfọṣọ ni egungun òun ń fẹ́, àti pé ìyàwó àbúrò òun ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ máa wá nǹkan fi sínú àpò, èmi ń lọ yá iná." Kò sì sí wàhálà nípa àpò, torí ẹni tó ti rán odidi kóòtù á lè rán àpò.

Mátírọ̀n ní kí ilé ìdáná gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹran tó tóbi dáadáa. Wọ́n ká aṣọ kúrò lórí tábìlì gígùn, wọ́n pe Tíṣà, wọ́n jẹun. Ìyá Alápá ń kọrin, ó ń jẹun, ó ń kọrin, títí Ìyá Kọ́là fi sọ fún un pé kó mú ọ̀kan. Ó mú ẹran. Tíṣà ní kí wọ́n bá òun di tòun sínú ọ̀rá fún ìyàwó òun, wọ́n dì í fún un, wọ́n sì fi kún un.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kálukú gbọn ìrépé òwú kúrò lára ìró rẹ̀, wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, wọ́n sì rọra ń lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó kún, ọkàn wọn balẹ̀, àyà Ìyá Alápá sì fúyẹ́ dáadáa.