Èérún Kálámù Inú Agolo

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ẹ̀ṣọ́ ilé ìpàtẹ àwòrán náà ti sáré dé, ṣùgbọ́n Ústáàsì Inayat kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Agolo bisikíìtì tí wọ́n gbé sórí àpótí funfun níwájú ògiri ló ń wò. Ó mọ agolo náà. Ó mọ ibi tó ti tẹ̀ wọnú, lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé jù ú mọ́ ológbò.

Agolo ti ṣófo. Èérún kálámù esùsú tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán tó gba ògiri yẹn látòkè délẹ̀, wẹ́wẹ́wẹ́, tí tàdáwà ṣì dúdú létí wọn. Wọ́n tò ó di álífù ńlá kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú èdè Lárúbáwá. Shahroz, ọmọ tí Inayat kọ́ níṣẹ́ fífi kálámù kọ̀wé ọlọ́nà láìgba kọ́bọ̀, ti fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Inayat ti ń ṣa èérún gbogbo kálámù tó bá gbẹ́ sínú agolo yẹn. Àṣà iṣẹ́ wọn ni: òun ni wọ́n máa fi dáná omi tí wọ́n máa fi wẹ òkú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì kú, Shahroz gan-an ló ń fẹ́ iná náà tó ń sunkún. Kì í ṣe pé kò mọ̀.

"Ústáàsì mi ti dé!" Shahroz yọ láàárín èrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kan orúnkún bàbá. Inayat fà sẹ́yìn.

"Shahroz, kí ló wà lára ògiri yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ústáàsì! Gbogbo ayé yín ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń sunkún níwájú rẹ̀ láti àárọ̀."

"Mi ò tíì kú. Kí ni wọ́n ń sunkún sí? Ta ló fún ọ?"

Shahroz wo Tauqeer, ọmọ bíbí inú Inayat, tó fi ọkọ̀ gbé bàbá wá. Tauqeer wolẹ̀.

"Abba, ẹ má bínú. Ó ní òun fẹ́ fi yẹ́ yín sí ni. Ṣebí èérún igi lásán ni? Gáàsì wà nílé tí a lè fi gbé omi kaná."

"Gáàsì inú páìpù tí wọ́n máa ń já ní gbogbo ìgbà òtútù? Kí òkú mi dúró de gáàsì?" Bàbá yíjú sí i. "O sọ fún mi pé àwọn tó wá kunlé ló gbé e pa mọ́. O ní kí n fọkàn balẹ̀."



Ó dun Inayat wọra. Ká ní olè ló jí i, ì bá pariwo. Ọmọ tó bí àti ọmọ tó kọ́ ni wọ́n jọ jókòó, tí wọ́n mu tíì, tí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ òkú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣí i kúrò," ni Shahroz sọ jẹ́jẹ́.

"Èyí tí o ti fi gọ́ọ̀mù pa? Kí omi mi máa rùn bíi táyà tó ń jó?"

Bàbá fa ìwé tó ká sábẹ́ apá yọ, ó tú u. Ìwé àṣẹ tó gbé wá fún Shahroz ni. Òun ni ọ̀gá máa ń kọ fún ọmọ iṣẹ́ tó bá yege, kó tó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Shahroz rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Àwọn èèyàn gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò.

Inayat fi ahọ́n lá ìka rẹ̀, bó ti máa ń ṣe tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ àṣìkọ, ó sì nu orúkọ náà títí ó fi pa rẹ́.

"O ò kúkú dúró gba àṣẹ," ló wí, ó nawọ́ sí orúkọ tó wà lábẹ́ àwòrán. Ó yíjú sílẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tauqeer bá a lágbàlá, ó ń gbẹ́ kálámù tuntun nínú oòrùn. Èérún kékeré kan já bọ́. Bàbá fi ìka mú un, ó jù ú sínú ife tíì tó ti ṣófo.

"Abba, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo tún ń bẹ̀rẹ̀ ni."

"Lọ́jọ́ orí yín yìí? Ìgbà wo ló máa pọ̀ tó láti gbé garawa omi kan kaná?"

"Kò lè pọ̀ tó mọ́. Èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni ẹ ó lò."

Ó gbé ife náà sínú àpótí rẹ̀. Kò tíì ti nǹkan kan pa rí nínú ilé yẹn. Ó ti àpótí náà lójú ọmọ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.