Ulé Tó Bọ́ Sábẹ́ T

Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ Ajé. Ní ọdún tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo yẹn, ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ ní Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ lọ́sàn-án gangan, gbogbo àdúgbò ló ń yọjú wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Monílọ́lá kò tan tirẹ̀. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó ń wo nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun rẹ̀. Mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì. Bátìrì náà sì ti gbó, iná kì í pẹ́ tán nínú rẹ̀.

Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú fláàṣì, ọ̀kan fún lẹ́tà Yorùbá kọ̀ọ̀kan. Bàbá Oyèlékè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ọ̀bà-Ilé, ló fi kọ̀ǹpútà yà wọ́n. Wọn kì í ṣe fọ́tò. Ìlà ni wọ́n fi yà wọ́n, irú èyí tí ènìyàn lè fẹ̀ títí tó fi tó ògiri, tí ojú rẹ̀ kò ní fọ́. Iṣẹ́ Monílọ́lá ni láti kó wọn sí ojú ìwé páálí ABD kan tó ní àpótí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí ó sì gbé e lọ fún Ìyáàfin Ọlábọ̀dé, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó, kí aago kan ọ̀sán tó lù. Bí wọ́n bá gbà á, gbogbo kíláàsì ni yóò ṣe é fún, ṣọ́ọ̀bù kò sì ní kógbá wọlé. Bí wọn kò bá gbà á, Morẹ́nikẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé àga kan dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gààrí. Monílọ́lá kò kórìíra gààrí. Ó kàn jẹ́ pé kò fẹ́ tà á.

Ó mú àwòrán àkọ́kọ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ kó tóbi tó. Ó dáhùn. Ó mú ìkejì, ó tún bi í. Nígbà tó fi máa mú ìkẹta wọlé, bátìrì ti di mẹ́tàdínlógójì.

Bísọ́dún, tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, fara ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí Moní, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ fẹ́ máa kó wọn báyìí?"

"Àbí kí n gbá wọn jọ lẹ́ẹ̀kan bí aṣọ tí òjò ká mọ́ orí okùn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ di bọ́tìnì Shift mú, ẹ tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wọ́ gbogbo wọn pọ̀ sínú ojú ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa bi yín bí wọ́n ṣe máa tóbi tó. Á wá tò wọ́n sínú àpótí bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ léra, láti A dé Y."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kọ́ ara mi ni, bíi tiyín."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Àmọ́ ó ṣe é. Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì to ara wọn bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ agogo. Monílọ́lá wo ìlà àkọ́kọ́: adé, bàtà, dòjé, ejò, ẹyẹ. Ó wo Y tó gbẹ̀yìn: yẹtí. Ó pa kọ̀ǹpútà dé kí bátìrì má baà jó tán, ó sì wọ takisí Oǹdó.

Ìwé kan wà lórí tábìlì Ìyáàfin Ọlábọ̀dé nígbà tó débẹ̀. Fọlárìn, ọkùnrin kan tí òun náà ń wá iṣẹ́ yìí, ló kọ ọ́. Ìyáàfin náà tì í sọ́dọ̀ Monílọ́lá.

"Ọmọ mi, bá mi wo èyí. 'Àgbékalẹ̀ àtinúdá fún ìgbéǹde ọpọlọ àwọn ògo wẹẹrẹ.' Kí ló ń wí?"

Monílọ́lá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Kò yé mi, mà. Ó jọ pé páálí ABD ló fẹ́ tà."

Ìyáàfin Ọlábọ̀dé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wọ awò ojú rẹ̀. "Ó dáa, jẹ́ kí n rí tìrẹ. Àwọn aṣojú òbí ti wà ní kíláàsì kejì, wọ́n ń retí mi."

Monílọ́lá ṣí kọ̀ǹpútà. Bátìrì ti di mẹ́tàdínlógún. Ìyáàfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń mi orí, títí tó fi dé ìlà kejì.

"I fún jíìpù," ó ní.

Monílọ́lá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"J fún kìnnìún. K fún labalábá. Màlúù ló wà lábẹ́ L. M wá jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bóyá màmá ẹnì kan ni." Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lọ. "T fún ilé. Ṣé tilé-toko ni?"

Ojú ti Monílọ́lá débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó ṣí orúkọ àwọn fáìlì, ó sì wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Kò sí ilé lábẹ́ I. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì rí i níbẹ̀, láàárín tábìlì àti umbrella: ulé.

"Bàbá tó yà wọ́n, ọmọ Àkúrẹ́ gidi ni, mà. Ulé ló ń pe ilé, ulé ló sì kọ sí i. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó gbé e kúrò níwájú J lọ sẹ́yìn T. Gbogbo àwọn tó wà láàárín wá sún sókè. Èmi náà ò sì wò ó dé àárín. Ẹ̀bi mi ni."

"O ò ní sọ pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é?"

"Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe."

Ìyáàfin Ọlábọ̀dé wo aago ògiri. "Ìṣẹ́jú mélòó lo máa fi tún un ṣe?"

"Bátìrì ku mẹ́sàn-án, mà. Bí mo bá kó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tó. Bí mo bá ní kí n máa sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé M." Ó ti gbé ọwọ́ sórí ulé láti pa u rẹ̀ rẹ́.

"Dúró ná. U yìí ńkọ́?"

"Umbrella ni, mà. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá tó ya àwòrán nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ pé U fún umbrella. Wọ́n á wo àwòrán, wọ́n á ní agboòrùn ni. Màá wá máa bá ọmọ ọdún márùn-ún jà lórí agboòrùn, ọmọ náà ló sì jàre." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá mi, ará Oǹdó níbí, u ló fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé títí ó fi kú. Má pa u yẹn rẹ́."

"Kí ló wá máa wà lábẹ́ I?"

"Ilé."

"Ilé kan náà?"

"Ṣé ilé kan kì í ní ẹnu ọ̀nà méjì ni?"

Monílọ́lá gbé ọwọ́ kúrò lórí u náà. Ó ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, ó kọ ilé sí ọ̀kan, ó fi ulé sílẹ̀ lára èkejì, ó sì ju umbrella nù. Ó nu ojú ìwé náà mọ́. Ó tẹ àkọ́kọ́, ó di Shift mú, ó tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, ó wọ́ gbogbo wọn wọlé. Márùn-ún. Kọ̀ǹpútà bi í lẹ́ẹ̀kan, ó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì fi ìka kà á láti A dé Y, wọn kò fo ọ̀kankan. Nígbà tí wọ́n dé U, Ìyáàfin Ọlábọ̀dé dúró díẹ̀ kí ó tó kọjá. Monílọ́lá gbé e sínú fláàṣì, ó yọ fláàṣì náà, kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn lójú wọn.

"Iná sólà wà lọ́dọ̀ Kíkẹ́ tó ń tẹ̀wé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì," Ìyáàfin náà ní, ó ti ń dìde. "Lọ tẹ ẹyọ kan kí n fi han àwọn òbí."

Monílọ́lá tẹ̀ ẹ́ wá fún un. Wọ́n pẹ́ nínú kíláàsì kejì. Monílọ́lá dúró sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan á dàrú mọ́ ọmọ òun lójú bí ilé kan bá ní orúkọ méjì. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn bàbá arúgbó kan: "Ulé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyáàfin Ọlábọ̀dé jáde, ìwé Fọlárìn ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Kíláàsì méjìlá ni," ó ní. "Tẹ méjìlá."

Monílọ́lá pe Morẹ́nikẹ́ pé kó gbé àga náà fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ló pe Ọ̀bà-Ilé.

"Bàbá, àwòrán kẹwàá yẹn, ti I, kí lẹ pe orúkọ ẹ̀?"

"Ulé ni," Bàbá Oyèlékè dáhùn. "Ṣé wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà ni?"