Àtúnṣe Àwòrán Ìyá Jẹ́jẹ́

Ìyá Ojú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ àwòrán wọn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí gbólóhùn kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí ìdájọ́ sinmi ná." Bí wọ́n bá ń ṣe àríwísí, wọ́n á sọ ohun tó wà nínú àwòrán, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe tò ó, kí wọ́n tó wá sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó yà á kò gbọdọ̀ lanu títí ọ̀rọ̀ á fi tán. Lẹ́yìn náà ni yóò jáde síwájú, á mú búrọ́ọ̀ṣì, á sì tún un ṣe lójú gbogbo wọn kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Ìyá Ojú ló fúnra rẹ̀ gbé òfin náà kalẹ̀, ó sì máa ń fi yangàn láàárín àwọn olùkọ́ yòókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, bó ṣe gbé àwòrán tó kàn síwájú, ó dúró, ó tún un wò. Obìnrin kan ló gbé orí lé ìrọ̀rí, tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá Ojú mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ló yà á, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé, torí pé nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti rí kámẹ́rà báyìí ló ń sá wọ yàrá. Jẹ́jẹ́ ti sọ fún Ìyá Ojú pé òun fẹ́ ya ìyá òun kí òun tó gbàgbé. Ìyá Ojú ní kó yà á. Kò rò ó rárá pé yóò gbé e wá sí kíláàsì.

"Mo rí obìnrin kan àti ìrọ̀rí búlúù," ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wí.

"Mo rí i pé ara rẹ̀ kò yá," ni òmíràn wí.

Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ wúkọ́. "Bí wọ́n ṣe tò ó ni tèmi, Mà. Ojú òsì ga ju ti ọ̀tún lọ. Àgbọ̀n náà sì wọ́ bí ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ ti yọ."

Ẹ̀rín sọ. "Adájọ́, ṣé o wo dígí kó o tó kúrò nílé?" ni ẹnì kan bi í.

"Ṣé èmi ni wọ́n gbé síwájú ni?"

Ìyá Ojú ti rí obìnrin náà rí lẹ́nu géètì ilé ìwé. "Bóyá bẹ́ẹ̀ lojú rẹ̀ ṣe rí," ó wí.

"Áà, Mà! Ẹ̀yin náà lẹ ní a ò gbọdọ̀ fi 'bóyá' gbèjà àwòrán."

Kí Ìyá Ojú tó tún sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ ti dìde.

"Gbé e lọ sílé, ọmọ mi," ni Ìyá Ojú wí. "Kò di dandan lónìí."

"Rárá, Mà. Mi ò fẹ́ kó wọ́ títí ayé." Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rí i rí, Mà. Ṣé bí ojú rẹ̀ ṣe ga nìyí?"

Ìyá Ojú di ojú, ó wá obìnrin ẹnu géètì náà lọ́kàn títí. Àwòrán yìí nìkan ló ń rí.

"Mi ò rántí mọ́, ọmọ mi."

Jẹ́jẹ́ mi orí. Ó fi ọ̀dà bo ojú òsì náà, ó yà á sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì na àgbọ̀n náà. Nígbà tó parí, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, torí pé àwòrán náà gún régé lóòótọ́.

"Ó ti dáa báyìí!" ni Adájọ́ wí, tayọ̀tayọ̀.

Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó wò ó. Ó tún sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ọ̀dà tuntun náà, díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ojú àkọ́kọ́. Aṣọ funfun tó ya àwòrán náà sí ló ń yọ. Ìyá Ojú di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ kejì ha á lọ.